Erékùṣù Tí Omi Òkun Kò Yí Ká

Sí Olóòtú,

Ọ̀kun o. Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ìkíni yìí náà ló sì di orúkọ tí ayé ń pè wá. Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi rà á bọ̀ láti Lọ́kọ́jà. Bó bá ti gbé e dé, n kì í gbé e sílẹ̀ títí màá fi ka ìpolówó ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn.

Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lóṣù tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí àwọn tó ń gbé abúlé tí mọ́tò kò lè dé palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kí wọ́n máa bọ̀ nígboro, pé ìjọba kò lè máa gbé ọ̀nà lé ìdílé mẹ́wàá mẹ́wàá kiri inú igbó. Ó dárúkọ Bùnú, ìhà àwọn abúlé kan lẹ́bàá Kàbà. Ó ní Bùnú ti jìnnà jù.

Ọmọ Bùnú ni mí. Ilé ọkọ ló gbé mi dé Kàbà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo ká a, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kẹta mo tún fà á yọ. Inú bí mi, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló pọ̀ nínú mi ju ìbínú lọ. Mo fẹ́ kí ẹni náà sọ fún mi, kí ló ń pè ní jíjìnnà? Èmi ti lọ síbi tó jìnnà. Mo lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, mo wẹ ọmọ, mo sì padà sílé.

Príncipe ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Erékùṣù ni, láàárín agbami. Bí ènìyàn bá dúró ní ìhà Port Harcourt tó kọjú sí gúúsù, ọ̀kánkán rẹ̀ níwájú ni Príncipe wà, omi ni kò jẹ́ kó hàn. Òun àti São Tomé, erékùṣù tó tóbi jù ú lọ, ni wọ́n para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Àwọn Potogí ló jọba lé wọn lórí títí di ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 1975 tí wọ́n gba òmìnira, èdè Potogí ni wọ́n sì ń sọ ní ilé ìwé àti ọ́fíìsì. Láti ọdún 1995 ni Príncipe ti ní ìjọba tirẹ̀ lábẹ́ orílẹ̀-èdè náà. Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ kò pé 10,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn. Ọjà Kàbà lọ́jọ́ tó bá kún, mo rò pé a ju ìdajì wọn lọ níbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin kẹta ló ń gbé ibẹ̀. Ọmọ Yàgbà ló fẹ́, oníṣẹ́ iná ni ọkọ rẹ̀, òun ló ń fa wáyà sínú ilé tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn àlejò tó ń wá wo igbó àti òkun. Nígbà tí ọmọ mi lóyún, tó ní, "Màámi, kò sí ẹni tí yóò bá mi wẹ ọmọ níbí," kí ni mo fẹ́ wí? Mo ta kòkó tó kù nílẹ̀, wọ́n bá mi ṣe ìwé ìrìnnà, mo di irú, elùbọ́ àti ọṣẹ dúdú, mo gbéra lóṣù kẹwàá.

A gba Gánà kọjá kí a tó dé São Tomé. Láti São Tomé sí Príncipe, ọkọ̀ òfurufú kékeré ni, irú èyí tí ènìyàn fi ń gbọ́ tí awakọ̀ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n wọn ẹrù mi lórí ìwọ̀n, wọ́n wá ní kí èmi náà gun orí rẹ̀. Mo wo ọmọdébìnrin tó wà nídìí ìwọ̀n náà, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fọwọ́ ṣe àpèjúwe pé gbogbo wa ni, kì í ṣe èmi nìkan. Lóòótọ́, ọkùnrin olóyè kan tó wọ kóòtù wà lẹ́yìn mi, òun náà gùn ún. Wọ́n ní ọkọ̀ náà kò gba àṣejù, ohun tí oníkálukú bá wọ̀n ni wọ́n fi ń pín ìjókòó. Ìrìn náà kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ọ̀nà yẹn tó nǹkan bíi 150 kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlọ àti àbọ̀ Kàbà sí Lọ́kọ́jà. Mo wolẹ̀, omi. Mo tún wolẹ̀, omi. Nígbà tó yá, òkè kan yọ lójijì nínú ìkùukùu, ó dúdú, ó ga, igbó bò ó látẹsẹ̀ dórí, bí ẹni pé ẹnìkan gbé Òkè Oka wa lọ́wọ́ kan ó sọ ọ́ sínú òkun. Omijé bọ́ lójú mi, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Santo António ni ìlú wọn. Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ìlú tó kéré tó o lágbàáyé. Mo rìn ín já kí omi ìwẹ̀ ọmọ tó hó. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, ilé ìwòsàn, ilé ìfowópamọ́, afárá kékeré lórí odò, ó tán. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí mo kà yẹn, ẹ tún kà wọ́n. Abúlé bàbá mi kò ní ìkankan nínú wọn.

Oúnjẹ wọn kò ṣàjèjì sí mi púpọ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń se calulu, wọ́n á kó ẹja yíyan, ilá àti oríṣiríṣi ewé sí i, ó sún mọ́ ẹ̀fọ́ wa tí a fi ilá sí. Wọ́n ní gbèrèfútù, wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ jàra. Wọ́n ń dá ẹmu. Ọjọ́ tí mo rí adẹ́mu tó fi igbà gun ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé wa, mo dúró, mo kí i ní Yorùbá, ó sì dá mi lóhùn ní èdè tirẹ̀, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. "Léfe-léfe" ni wọ́n ń sọ sí gbogbo nǹkan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pẹ̀lẹ́-pẹ̀lẹ́. Bí o bá bi wọ́n pé báwo ni, léfe-léfe. Bí òjò bá dá ọkọ̀ òfurufú dúró, léfe-léfe náà ni. Ó kọ́kọ́ ń bí mi nínú.

Ṣùgbọ́n kòkó ló fà mí mọ́ erékùṣù yẹn, mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí kíkún, nítorí oníkòkó ni mí. Oko ọkọ mi wà ní apá Ìjùmú, bàbá rẹ̀ ló gbìn ín. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé òyìnbó ló mú kòkó wá, a kì í béèrè ibi tó ti mú un wá. Ọkọ ọmọ mi ló mú mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn oko ńláńlá tí Potogí fi sílẹ̀, roça ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ní ọdún 1822 ni wọ́n gbé irúgbìn kòkó láti Brazil wá sí Príncipe, kí ó tó dé ibòmíràn kankan ní Áfíríkà. Láti àwọn erékùṣù wọ̀nyí ni ó dé Fernando Po, erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí. Ní ọdún 1874, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Squiss Banego gbé e láti Fernando Po wá sí ìhà Bonny lọ́dọ̀ tiwa. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Tetteh Quarshie gbé tirẹ̀ lọ sí Gánà láti ibì kan náà.

Mo ní kí wọ́n já ẹyọ kan fún mi. Àgbàlagbà kan já a, ó fi àdá là á sí méjì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò kan hóró. Èèpo rẹ̀ ń dán, ó ń yọ̀, ó rí roboto bíi bàrà kékeré, kò ní gbàgàrà bíi ti àwọn tuntun tí wọ́n ń pín fún wa. Kòkó àtijọ́ ni, irú èyí gan-an tó wà nídìí odò lóko wa, tí bàbá ọkọ mi kọ̀ tí wọn kò gé. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo lá omi rẹ̀. Adùn rẹ̀ kan náà ni. Wọ́n mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń sé e, àpótí onípákó ni wọ́n ń kó o sí, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń bò ó, bíi tiwa. Mo ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ooru rẹ̀ gba apá mi, òórùn kíkan yẹn wọ imú mi, mo bá ń rí ìyá ọkọ mi tó ti kú, bó ṣe máa ń pariwo pé kí a yí kòkó kó má baà bu. Mo fẹ́ di hóró mélòó kan mọ́ ìdí aṣọ wálé. Ọkọ ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ má ṣe é, àìsàn kòkó ni a máa fi gbé wọlé." Ó tọ̀nà. Mo fi í sílẹ̀.

Kì í ṣe adùn nìkan ni ìtàn ibẹ̀. Nínú ilé gígùn tí wọ́n pín sí yàrá yàrá nínú oko yẹn, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí Potogí kó wá ṣiṣẹ́ láti Àǹgólà àti Cape Verde ṣì ń gbé. Wọ́n kó wọn wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí ọ̀nà padà títí wọ́n fi kú. Ìwà yẹn burú débi pé ní ọdún 1909, àwọn oníṣokoléètì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cadbury wà lára wọn, kọ̀ láti ra kòkó àwọn erékùṣù náà mọ́. Ìyá arúgbó kan tó jókòó síta ilé náà fọwọ́ mi mú, ó fọwọ́ tọ́ka sí òkun, ó ní Cape Verde ni ìyá òun, òun kò dé ibẹ̀ rí. Ọmọ mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Mo jókòó tì í.

Ní báyìí mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ lẹ́tà. Nínú oko míràn tí wọ́n ń pè ní Sundy, wọ́n fi òkúta ìrántí kan hàn mí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1919, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀sán. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arthur Eddington, ti kó ẹ̀rọ awò ojú ọ̀run rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gba agbami wá, ó sì to ẹ̀rọ náà síbẹ̀ láti ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, kí ó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni Einstein sọ pé oòrùn ń mú kí ìmọ́lẹ̀ wọn tẹ̀ bí ó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkùukùu fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ wọ́n rí díẹ̀ yà, àwọn àwòrán náà sì wà lára ohun tó sọ Einstein di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ronú. Ogun ńlá àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Tí ẹnìkan bá ti sọ fún un pé Príncipe jìnnà jù ńkọ́?

Ó níṣẹ́ níbẹ̀, ló fi dé ibẹ̀. Àwọn sójà ilé iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Royal Niger Company náà dé Kàbà lọ́dún 1897 láti lé àwọn Nupe, kò sì sí ọ̀nà mọ́tò kankan láyé ìgbà yẹn. Ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, mọ́tò àwọn olóṣèlú ń dé abúlé bàbá mi. Mo ti rí i lójú ara mi, Hílúùsì mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí. Wọ́n kọjá omi, wọ́n pín ìrẹsì, wọ́n sì tún kọjá omi padà. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé Bùnú jìnnà lọ́jọ́ náà.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé párádísè ni mo lọ. Ní Príncipe, gbogbo nǹkan tí ilẹ̀ kò hù, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá: ìrẹsì, àlùbọ́sà, sìmẹ́ńtì, gáàsì ìdáná, epo mọ́tò, ẹyin. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ dé, ìlú á ti mọ̀. Àwọn obìnrin á ti wà létí omi láti ìdájí, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù, pẹ̀lú agboorùn, ẹlòmíràn á gbé ọmọ pọ̀n. Bí ó bá yọ lókèèrè, ariwo á ta. Lóṣù kọkànlá tí mo wà níbẹ̀, òkun le, ọkọ̀ kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Gáàsì tán nílé ọmọ mi, igi ni mo fi ń se omi ìwẹ̀ ọmọ, èéfín sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àlùbọ́sà ẹyọ kan di ohun tí a ń gé lẹ́bẹ́ lẹ́bẹ́ bí oògùn. Bí kì í bá ṣe irú tí mo gbé lọ, ọbẹ̀ ìyá ìkókó ì bá má ṣeé jẹ. Òkun náà sì ń pa wọ́n. Lóṣù kẹrin ọdún 2019, ọkọ̀ kan tó ń ti São Tomé bọ̀ dojú dé nígbà tó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀, ènìyàn kú sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ di òní, ohùn wọn máa ń wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣàkíyèsí ni èyí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèjì tí ọkọ̀ kò wá, rádíò erékùṣù náà ń sọ ìdí rẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́, ó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń bínú, wọ́n ń lọ bá àwọn aláṣẹ wọn ní ọ́fíìsì, wọ́n ń fapá jánú. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ líle líle lẹ́nu àwọn obìnrin ọjà, ọmọ mi kọ̀ láti túmọ̀ òmíràn. N kò gbọ́ kí ẹnìkan, yálà aláṣẹ tàbí mẹ̀kúnnù, sọ pé kí wọ́n pa erékùṣù tì kí wọ́n kó lọ sí São Tomé. Òkun ni ọ̀nà wọn. Ẹni tó bá ń ṣe ìjọba níbẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n máa bi léèrè bí ọ̀nà bá dí.

Wọn kò tún fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí Ọlọ́run fún wọn. Láti ọdún 2012 ni UNESCO ti kọ Príncipe mọ́ àwọn ibi tí ayé gbọ́dọ̀ pa igbó àti omi rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé kó àádọ́ta ike omi tí wọ́n ṣà nílẹ̀ wá, wọ́n fi gba ìgò kan tí ènìyàn lè máa bu omi sí títí. Lóṣù kejìlá, ọkọ ọmọ mi gbé wa lọ sí etí òkun lóru, níbi tí àwọn ọkùnrin kan ń sùn láti ṣọ́ ìjàpá òkun. A kò gbọdọ̀ tan iná. Ọ̀kan gòkè wá, ó tóbi ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ, ó ń mí hìì, hìì, bí obìnrin tó ń rọbí. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ yanrìn títí, ó yé ẹyin rẹ̀ sínú kòtò náà, funfun, ó tó bọ́ọ̀lù kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ó sì bò wọ́n. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹkún. Ènìyàn mẹ́rin ló ṣọ́ ọ kí ẹnìkan má baà fi ọwọ́ kan án.

Mo rántí ọmọ àbúrò mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí lórí yanrìn yẹn. Títí di òní n kò tíì lè sọ èyí fún ọmọ mi pé òun ni mo rántí.

Odò kan wà láàárín ọ̀nà Kàbà àti abúlé bàbá mi. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí abúlé tó rí bẹ́ẹ̀ ní Bùnú ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ lásán ni a fi ń kọjá. Ìyá mi hun aṣọ lórí òfì, ó ru ú kọjá omi yẹn lọ sọ́jà láìmọye ìgbà. Láti oṣù keje sí oṣù kẹwàá, odò náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Igi méjì ni àwọn ọkùnrin abúlé gé tí wọ́n fi dábùú rẹ̀. Ọlọ́kadà kì í gbé èrò gorí rẹ̀, èrò á sọ̀, á fẹsẹ̀ rìn, ọlọ́kadà á máa yí alùpùpù rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Lóṣù kẹjọ, ọdún méjì kí n tó lọ sí Príncipe, ọmọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí rọbí lábúlé. Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, omi ti gbé igi kan lọ nínú méjèèjì. Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé, ọkùnrin mẹ́rin ru ú dé etí odò ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n dáná, wọ́n ń wo omi. Àbúrò mi ń pè mí lórí fóònù láti orí òkúta gíga kan tó jẹ́ pé òun nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ń wọ̀ níbẹ̀, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti wo ọmọ rẹ̀, ohùn á já. Èmi wà ní òdìkejì, nínú mọ́tò tí mo háyà, iná mọ́tò náà ń tàn sójú omi. Mo ń rí iná tí wọ́n dá. Mo ń gbọ́ igbe ọmọ àbúrò mi. Kò tó ibi tí ènìyàn lè ju òkúta dé. Omi kò fà títí di agogo mẹ́rin ìdájí. Ìyá yè. Ọmọ kò yè, ọkùnrin ni.

Ní Príncipe, ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ bá ju agbára ilé ìwòsàn Santo António lọ, São Tomé ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Ọmọ mi rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ku oṣù kan kó bí, wọ́n fi í sọ́kọ̀ òfurufú lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì dá a padà nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Òkun tó gùn ní 150 kìlómítà ló kọjá. Èyí tó pa ọmọ wa kò gùn tó ojú ilé mi sí títì.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan sí i. Láyé ìgbà kan, eṣinṣin irù tó ń fa àrùn sunrunsunrun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Príncipe run. Láàárín ọdún 1911 sí 1914, wọ́n gé igbó, wọ́n fa omi adágún gbẹ, wọ́n sì fi aṣọ dúdú tí wọ́n fi oje lẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, kí eṣinṣin lè máa lẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n ti ń rìn nínú oko. Wọ́n kó o tán pátápátá. Nígbà tí ó tún yọjú lẹ́yìn ọdún 1950, wọ́n tún lé e. Erékùṣù tí kò ju ogún kìlómítà lọ ní gígùn! Bí ẹnìkan bá lè lé eṣinṣin kúrò ní odidi erékùṣù láàárín ọdún mẹ́ta, n kò mọ ohun tó dé tí afárá kan kò fi ṣeé gbé sórí odò tí ènìyàn lè fi òkúta sọ dé òdìkejì.

Kì í sì ṣe pé ẹnikẹ́ni kò wá rí. Agbaṣẹ́ṣe kan wá. Wọ́n da okúta wẹ́wẹ́ tírélà méjì àti yanrìn sí etí odò, wọ́n ri pátákó kan mọ́lẹ̀, wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ náà sí i gàdàgbà, wọ́n lọ. Ó di ọdún kẹfà. Koríko ti hù bo yanrìn. Orí okúta wẹ́wẹ́ yẹn ni àwọn obìnrin abúlé ń sá láfún sí ní báyìí, nítorí ó ń yára gbẹ. Oòrùn ti jẹ ọ̀rọ̀ ara pátákó náà, "afárá" nìkan ló ṣì hàn díẹ̀.

Ẹni tó ní kí a kó kúrò, ṣé ó mọ ohun tó ń bọ̀ láti òdìkejì omi yẹn? Iṣu tí ó ń jẹ ní Kàbà ńkọ́? Láfún ńkọ́, ẹ̀gúsí ńkọ́, kòkó tí àwọn tó ń rà á ń gbé lọ sí Àkúrẹ́? Sàréè bàbá mi wà níbẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀ láàyè, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ní òun kò ní fi òfì òun sílẹ̀. Bí a bá kó gbogbo ènìyàn kúrò níbi gbogbo tí agbaṣẹ́ṣe bá ti sá lọ, ta ni yóò ṣẹ́kù ní ìhà Kogí wa?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, Olóòtú. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan wá. Kó má wá lẹ́ẹ̀rùn, ọ̀nà náà á tàn án jẹ. Kó wá lóṣù kẹjọ, kó wá lọ́jọ́ ọjà, kó mú bàtà rọ́bà àti kámẹ́rà dání. Màá pèsè ibi tí yóò sùn nílé mi ní Kàbà, màá sì bá a lọ. Ọlọ́kadà tó mọ odò náà kò ju mẹ́ta lọ, ó yẹ kí n ti bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ ṣáájú kí iṣẹ́ oko tó gbà wọ́n, nítorí náà kí ẹ jọ̀wọ́ fún mi lésì kí oṣù keje tó wọlé.

Èmi ni,
Ìyá oníkòkó kan,
Kàbà.